Ọmọ Agbolé Wo Ni?

Inú ọ̀rá dúdú kan ni Màámi máa ń kó ìwé àyẹ̀wò wọn sí, abẹ́ ìrọ̀rí sì ni ọ̀rá náà máa ń wà. Lọ́jọ́ tí mo tú u wò, ìwé márùn-ún ni mo bá níbẹ̀, ti ọdún kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Mẹ́ta nínú rẹ̀ jọra: Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá táífọ́ọ̀dù, O 1/160, H 1/160. Ẹni tó ṣe àyẹ̀wò ti fi bírò pupa fàlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì kọ "táífọ́ọ̀dù" sí ẹ̀gbẹ́ kan. Oògùn tí ìwé oṣù kejì pè kọ́ ni ti oṣù kẹfà pè. Ti oṣù kẹwàá le ju méjèèjì lọ, abẹ́rẹ́ ọlọ́jọ́ méje ni.

Ìlódè là ń gbé nígbà náà, ní Ilé-Ifẹ̀. Mo wà ní ọdún kẹta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ìmọ̀ nípa àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni mò ń kọ́. Àràárọ̀ ni mò ń wọkọ̀ ní Lágéré lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá kòkòrò kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, Màámi sì wà nílé, wọ́n ń gbé oògùn mì nítorí kòkòrò tí ẹnikẹ́ni kò fojú rí nínú ara wọn. Títí di òní, ó ń dùn mí pé ó tó oṣù mẹ́wàá kí n tó tú ọ̀rá yẹn.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí ládùúgbò. Ibà tó bá ti kọjá ọjọ́ mẹ́ta, táífọ́ọ̀dù ni. Bí ẹnu bá ń korò, tí orí ń fọ́ni, tí ara ń roni lẹ́yìn ọjà, táífọ́ọ̀dù ni. Èèyàn á ní "táífọ́ọ̀dù mi tún ti dìde", bí ẹni ń sọ ti ohun ìní. Ní Ifẹ̀ lèyí ti ń ṣẹlẹ̀ o, ìlú tí ọba tó pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá ń tọ́ka sí pé ibẹ̀ làwọn ti ṣẹ̀. Bí o bá kí àgbàlagbà ní Ìrẹ̀mọ tàbí ní Mọ̀ọ́rẹ̀, kò ní tíì dáhùn tán tí yóò fi bi ọ́ pé, "Ọmọ ta ni ọ́? Agbolé wo?" Orúkọ nìkan kò tó wọn. Wọ́n fẹ́ mọ ilé baba, wọ́n fẹ́ mọ oríkì, wọ́n fẹ́ mọ ibi tí ìyá ti wá. Kòkòrò tó ń pa wá lọ́mọ nìkan la gba orúkọ rẹ̀ láìbéèrè agbolé.

Mo fẹ́ sọ agbolé rẹ̀ fún yín. Salmonella ni wọ́n ń pe agbolé náà.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí aró. Ìyá tó bí Màámi, aláró ni wọ́n. Mo bá ìkòkò aró wọn lẹ́yìnkùlé, mo sì bá ẹ̀lú tí wọ́n gún tí wọ́n sá sóòrùn. Wọ́n máa ń sọ pé aṣọ méjì kì í gba aró bákan náà: òmíràn wà tí o lè fọ̀ nígbà mẹ́wàá tí àwọ̀ rẹ̀ ò ní yẹ̀, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé omi àkọ́kọ́ ni yóò ṣí i. Ọ̀rọ̀ yìí ló sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa bí a ṣe ń kun kòkòrò lọ́dà.

Ọmọ ilẹ̀ Denmark kan tó ń jẹ́ Hans Christian Gram ló gbé ọgbọ́n náà jáde ní 1884, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin ní ilẹ̀ Jámánì. Inú ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí òtútù àyà pa ló ti ń wá kòkòrò, ó sì fẹ́ kí ọ̀dà fi kòkòrò hàn yàtọ̀ sí ẹran ara. Bí a ṣe ń ṣe é lónìí nìyí. A ó fi wáyà tín-ín-rín bu kòkòrò díẹ̀, a ó fi ẹ̀kán omi kan pò ó sórí síláìdì, a ó jẹ́ kó gbẹ, a ó wá mú síláìdì náà kọjá lórí iná lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó lè lẹ̀. Ọ̀dà elésè-àlùkò la ó kọ́kọ́ dà sí i, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. A ó ṣàn án, a ó da àyódíìnì sí i kí ọ̀dà náà lè dì. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò gan-an, ọtí líle ni a ó dà lé e. Kò gbọ́dọ̀ pẹ́. Bí ọwọ́ rẹ bá falẹ̀ níbẹ̀, àtèyí tó yẹ kó ṣí àtèyí tí kò yẹ kó ṣí, gbogbo wọn ni yóò ṣí. A ó tètè fi omi ṣàn án, a ó wá da ọ̀dà pupa sí i, ìyẹn ló gbẹ̀yìn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fojú sí máíkírósíkóòpù, aró àti osùn ni mo rí. Kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ tó dára jùyẹn lọ. Àwọn kan ṣì dúdú mọ́ra bí etù tó jáde nínú ìkòkò Ìyá Àgbà. Àwọn kan ti pàdánù aró wọn, osùn ni wọ́n wá gbà, wọ́n pọ́n. Àwọn tó pọ́n yìí ni wọ́n ń pè ní Gram-negative, inú wọn sì ni Salmonella wà: ọ̀pá kéékèèké tó kúrú, tí 200 sí 500 lè tò lórí-ìdí nínú mìlímítà kan péré.

Ara ògiri ni ìyàtọ̀ wà. Kòkòrò tó di aró mú ní ògiri tó nípọn, ọ̀dà náà há sínú rẹ̀. Èyí tó pọ́n, ògiri tirẹ̀ fẹ́lẹ́ gidigidi, ṣùgbọ́n ó tún da awọ kan bo ògiri náà lóde, awọ tó ní ọ̀rá nínú. Ọtí líle ń yọ́ ọ̀rá yẹn, ọ̀dà á sì jáde. Ẹ má fojú kéré awọ òde yìí. Òun ni kì í jẹ́ kí àwọn oògùn kan wọlé rárá. Òun náà ló gbé májèlé dání: bí kòkòrò náà bá kú tí awọ rẹ̀ fọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ara á gbóná kíkankíkan, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, èèyàn á máa gbọ̀n. Bí irú kòkòrò yìí bá wọ ẹ̀jẹ̀, púpọ̀ nínú ibà tó ń mú wa, ìjà tí ara ń bá awọ yẹn jà ni.

Ṣùgbọ́n kí kòkòrò pọ́n kò tíì sọ orúkọ rẹ̀. Àwọn tó pọ́n pọ̀ bíi yanrìn. Ní àdúgbò tí Salmonella ń gbé nìkan, ẹ óò bá agbolé Escherichia, agbolé Klebsiella, agbolé Shigella, wọ́n sún mọ́ra débi pé ojú lásán kò lè fi wọ́n hàn lábẹ́ gíláàsì. A ní láti gbìn wọ́n. Gbígbìn la ń pè é, bí ìgbà tí a gbin àgbàdo: a ó tọ́jú oúnjẹ wọn sínú àwo pẹrẹsẹ, a ó fi wáyà fa kòkòrò sórí rẹ̀, a ó gbé e sínú àpótí tó gbóná tó ara èèyàn, ó di ọjọ́ kejì. Bí ṣúgà inú wàrà bá wà nínú oúnjẹ náà, Escherichia á jẹ ẹ́, ibi tó hù sí á pọ́n fòò. Púpọ̀ nínú Salmonella kì í jẹ ẹ́, tiwọn á funfun ràkọ̀ràkọ̀. Lórí oúnjẹ mìíràn tí a fi irin sí, ọ̀pọ̀ wọn máa ń tú afẹ́fẹ́ tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, irin á sì sọ àárín wọn di dúdú. Mi ò lè gbàgbé àkọ́kọ́ tí mo rí: roboto kéékèèké tó ń dán, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹyinjú dúdú láàárín, bí ìgbà tí ojú ẹja pọ̀ nínú abọ́ tó ń wò ọ́. Ẹni tó ń kọ́ wa wá kìlọ̀ pé ká má fi dúdú nìkan dájọ́, torí pé Typhi, ìyẹn oní-táífọ́ọ̀dù gan-an, díẹ̀ bíńtín ni dúdú tirẹ̀.

Orúkọ agbolé náà kò kan ẹja tí wọ́n ń pè ní salmon lédè Gẹ̀ẹ́sì rárá. Daniel Elmer Salmon, dókítà ẹranko kan ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi sọ ọ́. Nínú ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti rí kòkòrò náà ní 1885, Theobald Smith tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Salmon ló sì ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀. Ní 1900, Joseph Lignières fi orúkọ ọ̀gá sọ agbolé. Àánú Smith máa ń ṣe mí. Ti Typhi fúnra rẹ̀ ti ṣáájú ìyẹn: Karl Eberth ti rí i ní 1880 lára àwọn tó kú, Georg Gaffky sì gbìn ín ní 1884. Orúkọ Eberth ló kọ́kọ́ ń jẹ́, agbolé mìíràn ni wọ́n kọ́kọ́ kà á mọ́, ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ọmọ Salmonella ni.

Ojúlé méjì péré ló wà nínú agbolé yìí. Ojúlé kejì kéré, bongori ni wọ́n ń pè é, láti ara orúkọ ìlú Bongor ní Chad. Ara alángbá ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ojúlé kìíní ni enterica, yàrá mẹ́fà ló sì wà níbẹ̀. Nínú yàrá kan ṣoṣo lára mẹ́fà yìí ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àwọn tó ń ṣe èèyàn ní jàǹbá ti ń jáde. Yàrá márùn-ún yòókù, ara ẹranko ẹlẹ́jẹ̀ tútù bí alángbá àti ejò ni ilé wọn, àti inú ilẹ̀ àti omi.

Nínú yàrá kan yẹn, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹnì kan yàtọ̀ sí ẹnì kejì? Ilà ni wọ́n ń wò. Láyé àtijọ́, bí o bá rí pélé tàbí àbàjà lójú èèyàn, o ti mọ apá ibi tó ti wá kó tó lanu. Bẹ́ẹ̀ ni ti kòkòrò yìí. Awọ òde rẹ̀ hu ṣúgà jáde bí ẹ̀wọ̀n gígùn, bí ṣúgà náà ṣe tò yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíì, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní O. Ó tún ní ìrù púpọ̀ tó fi ń wẹ̀ káàkiri, ìrù náà ní àmì tirẹ̀, ìyẹn ni H, ọ̀pọ̀ sì lè pààrọ̀ ìrù kan sí òmíràn. Bruce White àti Fritz Kauffmann ló bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn àmì yìí jọ, Léon Le Minor ní ilé ẹ̀kọ́ Pasteur ní Paris sì tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀. Iye tí wọ́n ti kà lónìí ti lé ní 2,500.

Ẹ ní sùúrù fún mi díẹ̀ níhìn-ín, torí ibi tí ọkàn mi ti fà sí iṣẹ́ yìí nìyí. Ìlú tàbí àdúgbò tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ rí ẹnì kan nínú wọn ni wọ́n sábà máa ń fi sọ ọ́ lórúkọ. Mo jókòó sí ilé ìkàwé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń fi ìka tọ ìwé tí orúkọ wọn wà, mo rí Salmonella Lagos, mo rí Salmonella Ibadan, mo rí Kaduna. Mo ṣí ojú ìwé, mo bá Agege. Mo bá Mokola. Mo bá Agodi! Mo tún un kà. Orúkọ ibi tí ẹ̀gbọ́n Màámi ń gbé, nínú ìwé tí ẹni tó wà ní Japan ń fi dárúkọ kòkòrò. Salmonella Agama náà wà níbẹ̀, ara alángbá wa tó máa ń mi orí lórí ògiri ni wọ́n ti rí i, ní Nàìjíríà, ní 1956. Kì í ṣe pé Agodi ló ni àrùn náà o, ó lè wà níbikíbi láyé. Ohun tó wú mi lórí ni pé àwọn èèyàn kan ti jókòó nílẹ̀ wa níhìn-ín, wọ́n gbìn ín, wọ́n ka ilà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn ò sinmi títí wọ́n fi rí i pé ẹni yìí, kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn.

Ìwà wọn kò rí bákan náà. Púpọ̀ jùlọ ń gbé inú ìfun adìyẹ, màlúù, ẹlẹ́dẹ̀, alángbá. Bí wọ́n bá bá ẹran tí kò jinná tàbí ẹyin tútù wọ inú èèyàn, láàárín wákàtí mẹ́fà sí ọjọ́ mẹ́ta, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ìgbẹ́ gbuuru, èébì, ó sì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lára ọmọ kéékèèké tí ebi tàbí ibà ẹ̀fọn ti sọ di aláìlágbára, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: nílẹ̀ Áfíríkà, àwọn tí kì í ṣe oní-táífọ́ọ̀dù yìí náà máa ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé, wọ́n sì ń pa wọ́n.

Typhi ní tirẹ̀, ara èèyàn nìkan ló mọ̀. Kò sí lára adìyẹ, kò sí lára ewúrẹ́. Láti inú ìgbẹ́ ẹnì kan ló ti ń dé ẹnu ẹlòmíràn, nípasẹ̀ kànga tó sún mọ́ ṣáláńgá, tàbí ọwọ́ tí a kò fọ̀. Kì í dúró sínú ìfun. Ó máa ń la ògiri ìfun kọjá, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó pa á ló ń wọ inú wọn gbé, wọ́n á sì gbé e dé ẹ̀dọ̀ àti inú mùdùnmúdùn eegun. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ibà tó bẹ̀rẹ̀, ibà náà á wá máa gòkè díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Lára àwọn mìíràn, ó máa ń fara pamọ́ sínú àpò òróòro lẹ́yìn tí ara wọn ti yá. Mary Mallon tó ń se oúnjẹ fún àwọn olówó ní New York rí bẹ́ẹ̀. Kò ṣàìsàn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Wọ́n sé e mọ́ ní 1907, wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n tún sé e mọ́ ní 1915, ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú ní 1938. Obìnrin tí ara rẹ̀ le koko, kò gbà rárá pé òun ló ń kó o ràn wọ́n, ta ni ì bá gbà?

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí ìwé inú ọ̀rá dúdú. Àyẹ̀wò tí Fernand Widal gbé jáde ní Paris ní 1896 kì í wá kòkòrò. Ohun ìjà tí ara ti rọ nítorí kòkòrò ló ń wá. Wọ́n á po omi ẹ̀jẹ̀ rẹ mọ́ Typhi tó ti kú, bó bá dì ṣùpọ̀ṣùpọ̀, á jẹ́ pé ohun ìjà wà níbẹ̀. 1/160 túmọ̀ sí pé wọ́n ti fi omi là á títí ó fi di ìdá kan nínú 160, síbẹ̀ ó ṣì dì. Ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà wo ni ara rọ ohun ìjà náà? Ó lè jẹ́ ọdún méjì sẹ́yìn. Níbi tí táífọ́ọ̀dù bá ti wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni àyẹ̀wò yìí máa ń mú. Ibà ẹ̀fọn pàápàá lè mú kó dì. Ilà tí à ń sọ náà tún wà níbẹ̀: apá kan nínú O tó wà lára Typhi, àwọn ẹlòmíràn nínú agbolé náà kọ ọ́. O rí àbàjà lójú ẹnì kan láti òkèèrè, o ní lágbájá ni, o sì lọ mú un. Bí èèyàn bá máa gbára lé Widal rárá, ó yẹ kó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kí ọjọ́ bíi méje sí mẹ́wàá wà láàárín, kó wò ó bóyá iye náà fò sókè ní ìlọ́po mẹ́rin. Èyí tó dájú jù ú lọ ni kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n gbìn ín, kó tó di pé èèyàn lo oògùn kankan.

Kò sí ẹni tó gbin ti Màámi. Lọ́dún yẹn, mo jókòó tì wọ́n, mo ní kí wọ́n sọ gbogbo bó ṣe ń ṣe wọ́n fún mi. Wọ́n sọ ti ibà, wọ́n sọ ti òtútù, wọ́n ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Wọ́n dákẹ́. Nígbà tó yá ni wọ́n sọ pé àwọn ń tọ̀ léraléra, pé ó máa ń ta wọ́n. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n sọ ìyẹn níbi àyẹ̀wò.

"Àbẹ̀kẹ́, ọmọkùnrin kékeré ló jókòó síbẹ̀. Báwo ni n óò ṣe máa ro ọ̀rọ̀ ìtọ̀ fún un?"

Ilé ìwòsàn mìíràn la lọ. Wọ́n gba ìtọ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì gbin méjèèjì. Lọ́jọ́ kẹta, àwo ìtọ̀ pọ́n fòò káàkiri. Escherichia coli ni, ọmọ agbolé kejì. Kò sí ohun tó hù nínú ẹ̀jẹ̀ títí ọjọ́ tí wọ́n fún un fi pé. Wọ́n wá to ègé bébà kéékèèké tí wọ́n ti rẹ sínú oríṣiríṣi oògùn sórí kòkòrò náà láti mọ èyí tó ká a. Oògùn tó bá ń ṣiṣẹ́ á ní àyíká tó mọ́ roro yí i ká. Mo wá orúkọ oògùn oṣù kejì, kòkòrò hù dé etí rẹ̀. Mo wá ti oṣù kẹfà, ó hù dé etí rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ọ̀kan tó ká a ni dókítà kọ fún wọn. Nígbà tí ara wọn yá, mo mú ọ̀kan nínú ìwé Widal náà, mo yà á sí ẹ̀yìn rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún yín yìí: àdúgbò, agbolé, ojúlé, yàrá. Màámi fi ìka sórí Escherichia, wọ́n tún fi sórí Salmonella.

"Ẹbí ni wọ́n?"

"Ẹbí ni, Màámi. Ọmọ àdúgbò kan náà."

"Ọmọ ọlọ́mọ la wá ń nà látọjọ́ yìí."

Ìwé náà ṣì wà nínú ọ̀rá dúdú, wọ́n ti ju àwọn yòókù nù. Nígbà tí mo délé lóṣù tó kọjá, ìyá ẹlẹ́kọ ìwájú ilé wa mú ìwé àyẹ̀wò tirẹ̀ wá, ó ní táífọ́ọ̀dù òun tún ti dìde. Màámi wọ awò ojú wọn, wọ́n ka ìwé náà dópin, wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

"Mo rí èyí," ni wọ́n wí. "Ti gbígbìn ńkọ́?"